Ẹ kọ orúkọ màmá yìí sára ọkọ̀ tuntun yẹn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí láti Sátidé ló ti ń dùn mí. Ọmọ mi obìnrin ń tukọ̀ ní kúlọ́ọ̀bù kan níbí ní Philadelphia, lórí odò Schuylkill, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yẹn tí èèyàn mẹ́jọ ń fi àjẹ̀ wà, tí wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ṣe pátì ìparí sáà, wọ́n pín mẹ́dà, wọ́n pín kọ́ọ̀pù, gbogbo ẹni tó gbapò ni wọ́n pè jáde, èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ màmá kan báyìí rárá.

Màmá yìí ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí òtútù ń ta èèyàn létí, òun ló ti ṣílẹ̀kùn ilé ọkọ̀. Òun ló ń fi sípánà mú irin tí wọ́n ń gbé àjẹ̀ lé, òun ló ń nu ọkọ̀ gbẹ, òun ló kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń yí àjẹ̀ lọ́wọ́, torí tí àjẹ̀ bá há sínú omi nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ ó lè gbé èèyàn jù sódò. Ọjọ́ tí ìyẹn kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí i, bíláńkẹ́ẹ̀tì màmá ló fi bora délé. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa dòní, kò bèèrè ẹ̀ rí.

Etí odò yìí gan-an ló sì yẹ kí wọ́n ti mọyì irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ Ernestine Bayer? Ọkọ ẹ̀ gba fàdákà ní Òlíńpíìkì 1928, ìyàwó á tẹ̀lé e wá sétí odò, á dúró máa wò ó, torí ọkùnrin ló ni ọkọ̀ títù láyé ìgbà yẹn. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni obìnrin yìí. Ó wá bi ara ẹ̀ pé kí ló dé témi náà ò lè tù ú? Ní 1938 òun àtàwọn obìnrin kan dá Philadelphia Girls' Rowing Club sílẹ̀, wọ́n háyà ilé Nọ́ńbà 14 ní Boathouse Row, ìyẹn àwọn ilé ọkọ̀ tó tò sétí odò yẹn, ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ fáwọn tó ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì, ibẹ̀ náà ni kúlọ́ọ̀bù yẹn ṣì wà títí dòní. Ní 1967 ó kó àwọn obìnrin lọ sí ìdíje Yúróòpù ní Vichy, nílẹ̀ Faransé, ọmọ ẹ̀ gan-an wà nínú ọkọ̀. Ó di 1976, ní Montreal, kí Òlíńpíìkì tó gba obìnrin láyè láti tukọ̀! Ẹ wo ọdún méjìdínlógójì lẹ́yìn tí wọ́n ti dá kúlọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀. Nígbà tí Chierika Ukogu wọ aṣọ Nàìjíríà lọ sí Rio ní 2016, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó tukọ̀ ní Òlíńpíìkì, obìnrin ni, inú mi sì dùn débi pé mo sunkún.

Bayer fúnra ẹ̀ ò tukọ̀ ní Òlíńpíìkì rí o. Síbẹ̀ wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sí Hall of Fame àwọn atukọ̀, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń bọlá fún, ní 1984, ó sì wà láyé di 2006, ẹni ọdún 97, ó fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọpẹ́. Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mí ì, ṣé lẹ́yìn ìsìnkú ló yẹ ká tó máa yinni ni?

Ẹnì kan nínú kọ́mítì sọ fún mi pé màmá ò fẹ́ ariwo. Ta ló bi í? Àwọn ọmọ tó gba mẹ́dà yẹn, tèmi náà wà nínú wọn, ọdún mẹ́ta sí i wọ́n ti lọ yunifásítì, màmá ló máa ṣílẹ̀kùn fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

A ti dáwó ọkọ̀ tuntun, ó máa dé tí ìgbà òtútù bá parí. Àṣà àwọn atukọ̀ ni pé wọ́n máa ń fún ọkọ̀ lórúkọ kó tó kan omi. Orúkọ màmá ni kẹ́ ẹ kọ sí i, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí òun fúnra ẹ̀ da ọtí símú ọkọ̀ yẹn níṣojú gbogbo wa, mo ti ṣetán láti ra ọtí náà.