Fóònù Ò Lè Yẹ Ìbàdí Ọmọ Wò

Ọjọ́ 4 oṣù July 2020 ni ìjọba ṣí ilé ọtí tí wọ́n tì torí kòrónà padà ní England. A ò bínú sẹ́ni tó fẹ́ mu bíà o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa ṣí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìbàdí ọmọ wò?

A ti ń wí i láti April. Nígbà tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, kọ lẹ́tà 17 March pé kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ tí ò bá jẹ́ kánjúkánjú síwájú, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ health visitor, ìyẹn àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ọmọ ọwọ́ wò nílé, lọ síbi ìtọ́jú COVID, a ò bá wọn jà, iná ti dé orí òrùlé nígbà yẹn. Àmọ́ eegun ọmọ ò mọ̀ pé kòrónà wà nílùú.

Ẹ̀yin òbí ṣáà mọ̀ ọ́n: kí ọmọ tó pé wákàtí 72, wọ́n á ká ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, wọ́n á là á gbẹ̀ẹ́rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ mọ̀ ọ́n bóyá eegun itan ń yọ kúrò nínú ihò ẹ̀ ní ìbàdí, wọ́n á tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tó bá wá jẹ́ Ìgè, skáànù ló tọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tí wọ́n bá tètè rí i pé eegun ń yọ, bẹ́líìtì Pavlik tó ń di ẹsẹ̀ ọmọ mú ní lílà sábà máa ń tó. Tọ́mọ bá ti ń rìn kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀bẹ ni, àti POP, símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń di eegun, láti àyà dé kókósẹ̀.

Ìyá kan ní Peckham, ní London, bí Ìgè, ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ 10, kò rí skáànù. Fóònù ni wọ́n pè é. Ọwọ́ kan di fóònù mú, ọwọ́ kan di orúnkún ọmọ mú, wọ́n wá ń bi í pé ṣé ó gbọ́ kí nǹkan dún. Ṣé dókítà ni ìyá ni? (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká ṣáà máa pọn ọmọ, òótọ́ ni, ẹsẹ̀ tó là lẹ́yìn ìyá dáa fún ìbàdí, ṣùgbọ́n ọ̀já kọ́ ni skáànù.)

Orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí láti March wà lórí kọ̀ǹpútà NHS. Kí wọ́n tú u wò, kí wọ́n pe àwọn tí wọ́n fò, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tó máa parí, torí "láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Tí Kérésì bá fi máa dé, àwọn ọmọ March á ti máa di àga mú dìde.