"Gbé Ìwé Ìtàn Yẹn Sílẹ̀, Kí O Lọ Kàwé Rẹ!"

Gbólóhùn yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá. Ọmọ á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwé ìtàn lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á ti bá àwọn ọdẹ wọnú igbó lọ. Bàbá tàbí ìyá á yọjú lójijì: "Gbé ìwé ìtàn yẹn sílẹ̀, kí o lọ kàwé rẹ!" Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ìwé méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kà sí ìwé. Èkejì, eré lásán ni lójú wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé ìtàn inú ìwé, pàápàá ìtàn ìrìn-àjò àti ewu, ìtàn igbó àti òkun àti ìṣúra tó fara sin, ń gba àyè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Bí ọmọ náà bá wá jẹ́ èyí tí kò fẹ́ rí ìwé sójú rárá, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ ka ti ilé ìwé dé ojú àmì ná, ká tó sọ ti ìtàn. Bí ẹran inú ọbẹ̀ tí ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí òkèlè fi tán. Mo ti rí ohun tí ìgbàgbọ́ yìí fi ọmọ ṣe, n kò sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọkùnrin àbúrò mi. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìwé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń lọ sí lẹ́sìn. Bó bá ti lẹ́sìn dé, ìyá rẹ̀ á tún jókòó tì í pẹ̀lú pàṣán. Síbẹ̀, ipò rẹ̀ nínú kíláàsì kò yí padà. Àbúrò mi wá sọ fún mi, lójú ọmọ náà, èyí tó dùn mí jù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbàdúrà, orí ọmọ yìí ò gbàwé."

Mo bi í pé ìwé wo ni ọmọ náà ti kà rí tí kì í ṣe ti ilé ìwé.

"Ìwé ìtàn kẹ̀? Ẹni tí kò lè ka nóòtì rẹ̀ tán, ṣé ìwé ìtàn ló kàn?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn tó tọ́ wa rí ìwé bí àkàbà tí èèyàn ń gùn kúrò nínú ìṣẹ́. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ilẹ̀, kí a lè kàwé. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá rí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí ìwé, kò sí bí kò ṣe ní fura, nítorí ìwé tí òun mọ̀, òógùn àti ẹkún ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ìtàn kan náà sì lè gba owó tí ìyá fẹ́ fi ra èlùbọ́ ọ̀sẹ̀ kan. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwọn ọmọ tó yẹ kó ràn lọ́wọ́ lára.

Ní ọdún 2000, OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan, ṣe ìdánwò ìwé kíkà tí wọ́n ń pè ní PISA fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 30. Wọ́n bi àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe máa ń kàwé fún ìgbádùn ara wọn tó, wọ́n sì wádìí iṣẹ́ tí òbí wọn ń ṣe. Àwọn ọmọ tí iṣẹ́ òbí wọn rẹlẹ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà jẹ lógún gan-an, gba 540 ní ìpíndọ́gba. Àwọn ọmọ tí òbí wọn wà nípò tó ga jù lọ, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà kò wù, gba 491. Ọmọ alágbàṣe tó fẹ́ràn ìwé kọjá ọmọ ọ̀gá tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ni kíkà máa ń tètè dùn mọ́, ìfẹ́ àti ìmọ̀ sì ń bí ara wọn lọ́mọ. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ ká ti ilẹ̀kùn ìfẹ́ pa mọ́ ọmọ tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì tó. Ibo ni a fẹ́ kó gbà wọlé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù ìdánwò, ẹ rántí pé JAMB fúnra rẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń yan ìwé ìtàn kan tí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ kà, tí ìbéèrè sì ń jáde látinú rẹ̀ nínú Use of English. Ọmọ tí a lé kúrò nídìí ìtàn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ gbìyànjú láti ka odindi ìwé ìtàn parí, pẹ̀lú ìpayà.

Ti pé orí ọmọ kan kò gbàwé ńkọ́? Ní 1988, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Recht àti Leslie, fún ọmọ ilé ìwé 64 ní àkọsílẹ̀ nípa ìdíje baseball kan láti kà. Wọ́n ti dán wọn wò ṣáájú, wọ́n mọ àwọn tó mọ̀wé kà àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà dáadáa, wọ́n sì mọ ẹni tó mọ eré náà. Lẹ́yìn kíkà, wọ́n ní kí wọ́n fi ère kéékèèké ṣe ohun tí wọ́n kà lórí pápá onígi kan. Àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ̀wéékà, tó jẹ́ pé wọ́n mọ baseball dunjú, ṣe é dáadáa ju àwọn ọ̀jáfáfá tí kò mọ eré náà lọ. Orí kan náà ni o. Nígbà tí ohun tó wà nínú ìwé bá ohun tó wà lọ́kàn wọn pàdé, ó yé wọn.

Ọmọ àbúrò mi yìí lè fi ẹnu ròyìn fíìmù wákàtí méjì, kò ní gbàgbé ibi tí ọkọ̀ ti yí dànù, kò ní gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn àti ìdí tó fi yìn ín. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ohun tí ìwé kíkà ń fẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, àyàfi ẹsẹ̀ tó máa fi rìn lórí ojú ewé. Ìtàn ewu ló sì ń yára fún ọmọ ní ẹsẹ̀ yẹn. Ẹni kan fẹ́ dé ibì kan, nǹkan kan dínà fún un, yóò ha là á já bí? Nítorí kí ọmọ lè mọ ìdáhùn yẹn, ojú rẹ̀ á fo ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, á tún padà gbé e wò, á gbá a mú nígbà kẹta. Nóòtì ilé ìwé kò ní ohun tó lè fà á báyìí. Bẹ́ẹ̀, àlọ́ wa kún fún un: ẹni tó lọ sí ìlú àwọn òkú, ọmọ tí orogún ìyá rẹ̀ rán lọ fọ igbá lódò. Ọmọ Yorùbá ti mọ ọ̀nà yìí kó tó mọ A, B, D.

Àwọn tó bá ní eré ni ìtàn báyìí, ẹ wo Fágúnwà. Olùkọ́ ilé ìwé ni. Ní 1938 tí ó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, kò fi ìwé ìwà rere gbígbẹ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ó rán ọdẹ lọ sínú igbó kí wọ́n bá a lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé láti ìran dé ìran sì kà á nínú kíláàsì. Ọgbọ́n kan tún wà nínú bí ó ṣe tò ó tó jẹ́ pé ó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe fún ọmọ yìí: Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ń ròyìn nínú ìwé náà, kò sọ ìtàn rẹ̀ tán lójúmọ́ kan. Ó sọ díẹ̀, ó lọ, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Kó tó padà dé, èrò tó wá gbọ́ ọ ti pọ̀ ju ti àná lọ.

Nígbà tí ọmọ náà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, n kò fún un níwèé kankan. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ, fóònù tó fi ń wo fíìmù kú. Mo tan láńtà, mo mú ìwé Fágúnwà yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni tó ń kà á fún ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ gbá àga. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ dúró. Bí ó ti ku díẹ̀ kí Àkàrà-oògùn àti Àgbákò, ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún nì, wọ̀yá ìjà, mo pa ìwé dé, mo ní mo fẹ́ lọ dín dòdò.

"Àǹtí, ẹ má lọ ná! Ta ló dá ẹnìkejì mọ́lẹ̀?"

Mo ní tí mo bá dé. Nígbà tí mo dé, ó ti gbé ìwé náà sábẹ́ láńtà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. N kò sọ nǹkan kan. Mo gbé dòdò kalẹ̀, mo jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀.

Kò yé e tán. Èdè Fágúnwà jinlẹ̀, àgbàlagbà pàápàá ń dúró gbé e yẹ̀ wò. Ká ní mo kàn gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ pé "gbà, kà á," ì bá ti wà nísàlẹ̀ àpótí títí di òní. Kíkà sókè ló gbé e kọjá odò. Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí tó ní ọkàn rere ti ń ṣìnà: wọ́n á ra ìwé ńlá, wọ́n á gbé e fún ọmọ, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Ọmọ tí kò tíì fẹ́ràn ìwé nílò ìwé pẹlẹbẹ, orí kúkúrú kúkúrú, lẹ́tà tó tóbi díẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé kan, kí ọmọ na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka márààrún bá ti dìde kó tó dé ìsàlẹ̀, ìwé yẹn ṣì le jù fún kíkà òun nìkan. Ẹ máa kà á fún un ná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í ní ìbéèrè ìdánwò lórí rẹ̀. Mo fi gbogbo ọkàn bẹ̀ yín. "Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Sípẹ́lì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́?" Ìbéèrè wọ̀nyí ló ń sọ igbó di kíláàsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi í léèrè bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bi ọ̀rẹ́: ṣé ìwọ ì bá wọ ihò yẹn? Bí ó bá fo ojú ewé, ẹ jẹ́ kó fò ó. Bí ìwé kan kò bá dùn mọ́ ọn, kó pa á tì, kó mú òmíràn. Bó bá ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ìwé mẹ́rin ló kà lójú tèmi. Ìwé aláwòrán náà, ìwé ni.

Àbá kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní 1881, nígbà tí òjò sé wọn mọ́lé ní Braemar ní Scotland, òǹkọ̀wé Robert Louis Stevenson àti ọmọ ìyàwó rẹ̀ ń fi kíkùn àwòrán ṣeré, ni wọ́n bá ya máàpù erékùṣù kan. Láti inú máàpù yẹn ni ìtàn Treasure Island ti jáde, ó sì ń ka orí kọ̀ọ̀kan fún ará ilé bó ṣe ń kọ ọ́. Èmi àti ọmọ yìí náà ya igbó Àkàrà-oògùn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan. Ó fi ibi tí Àgbákò wà síbẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa. Láti mọ ibi tí ohun tó kàn yóò wà, ó di dandan kó ka síwájú.

Ẹ̀rù èdè náà wà: "Bó bá ń ka Yorùbá, kò ní mọ Gẹ̀ẹ́sì." Láti 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọmọ àbúrò mi bọ́ sórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹlẹbẹ kan, ti àwọn ọmọ méjì tó sọnù sí etí òkun, kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó ní kó kà á.

Kí n sọ èyí náà, torí ó ṣe pàtàkì: bí ọmọ bá ń gbé ìwé mọ́ imú, tàbí tí orí ń fọ́ ọ lóòótọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ. Bó bá sì gbọ́n lẹ́nu, tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tí lẹ́tà àti ìró kò sì tíì fẹ́ para pọ̀ fún un lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lè jẹ́ dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe àìgbọ́n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀. Kíkà ìtàn sí i létí ṣì ṣe pàtàkì fún òun náà, bóyá ju fún ẹnikẹ́ni lọ.

Nóòtì ilé ìwé ṣì máa ń sú ọmọ àbúrò mi, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ń kà á dópin báyìí, ìtọ̀ kì í sì í gbọ̀n ọ́n mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ pè mí lálẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti lanu pé, gbé ìwé ìtàn yẹn..." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ní ó ku ojú ewé mẹ́rin. Mo bá bá a mú láńtà wá."