Ẹ̀yin onífídíò Ìbàdàn, ẹ pa auto yẹn jàre!

Ó sú wa o. Ènìyàn á san owó fídíò ìgbéyàwó pé, wọ́n á fi oṣù bíi mélòó kan dá a lágara, ìgbà tí wọ́n bá wá gbé fídíò dé, ojú ìyàwó á dúdú kirikiri, gèlè rẹ̀ á máa tàn yòò. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní iná gbọ̀ngàn ni ò dáa. Iná wo? Kámẹ́rà tí owó rẹ̀ ju ti ọ̀kadà tuntun lọ ni wọ́n gbé kọ́rùn, orí auto, níbi tí kámẹ́rà ti ń fúnra rẹ̀ pinnu ìmọ́lẹ̀, ló sì wà látàárọ̀ títí wọ́n fi kó àga.

Kámẹ́rà ò mọ ìyàwó! Ohun tí auto ń wá ni pé kí gbogbo àwòrán já sí àárín méjì, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Tí àwọn ẹbí bá wọ lésì funfun yí ìyàwó ká, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, àwọ̀ dúdú wa á sì rì. Tí bàbá kan tó gbé agbádá funfun wọ̀ bá tún gba iwájú kámẹ́rà kọjá lọ ná wọn lówó, gbogbo àwòrán á ṣú, bàbá á kọjá, á tún mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ijó á fi parí.

Ẹ yí i sí M (manual, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yàn án), kẹ́ ẹ sì pa auto ISO (ISO ni kámẹ́rà fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè), torí nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, M nìkan kì í pa á. Tí ẹ bá ń ya férémù (àwòrán) 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, shutter yín, ìyẹn àkókò tí férémù kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ni 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi síbẹ̀. Kì í ṣe shutter la fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú fídíò. Ẹni tó bá gbé e lọ sí 1/1000, ijó oníjó á máa já gátagàta. Ìdí mìíràn tún wà. Iná NEPA wa, 50Hz ni, gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 1/50 àti 1/100 ló sì bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra kámẹ́rà tó ti Amẹ́ríkà wá, tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí NTSC (ètò fídíò tiwọn), férémù 30 àti 1/60, ẹ̀yin lẹ ni àwọn ìlà dúdú tó ń yọ́ kọjá lára ògiri yẹn. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ yí i sí PAL, ètò tó bá iná 50Hz mu. Ẹ ṣe é nílé o, torí àwọn kámẹ́rà kan á ní kẹ́ ẹ fọ́máàtì káàdì kọ́kọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn lè já wá sísàlẹ̀ 50, ìlà á sì tún yọjú. Ìyẹn ò kúkú ṣẹ̀yìn yín, ẹ wá shutter tó ṣeé yí díẹ̀díẹ̀ nínú mẹ́nù tí kámẹ́rà yín bá ní in.

Ẹ tún gbọ́ ti ìta. Oòrùn ọ̀sán gangan ní ọgbà Agodi, ISO 100, 1/50: f/22 ni lẹ́ńsì máa béèrè (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi ni ihò lẹ́ńsì ń kéré). F/2.8 lẹ sì fẹ́, kí ẹ̀yìn lè ṣú bàìbàì. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé á di ìlọ́po 64, ND64, gíláàsì dúdú tí wọ́n fi ń bo lẹ́ńsì, ló ń gbà á. ND8 tó wà lọ́wọ́ yín, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló ń jẹ́ kó wọlé, ìlọ́po mẹ́jọ ṣì ṣẹ́kù tẹ́ ẹ máa fi ba ojú ènìyàn jẹ́. Àwọn tó ń ya log (àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí wọ́n máa wá tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nínú edit) ló tiẹ̀ burú jù! Kámẹ́rà púpọ̀ kì í jẹ́ kí ISO log lọ sísàlẹ̀ 640 tàbí 800. Ní 800, ND512 lẹ máa nílò. Wọn ò ní in, wọ́n á ní "a máa tún un ṣe nínú edit." Irọ́ funfun báláú! Ibi tó bá ti bó pátá, tí ìmọ́lẹ̀ ti sọ di funfun lásán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí edit máa fà yọ.

Nínú gbọ̀ngàn ẹ̀wẹ̀, lẹ́ńsì f/3.5-5.6 tó bá kámẹ́rà wá, tí ihò rẹ̀ ń kéré sí i bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún un, lẹ fi ń súnmọ́ òrùka. Tẹ́ ẹ bá ti sún un dópin, ó ti di f/5.6, ó ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ tó ti sọnù, òrùka á ṣú. Ẹ fi sí 5.6 látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ISO sókè. Ẹ ń sá fún ISO bí ẹni rí ejò, bẹ́ẹ̀ fídíò tó ṣú tẹ́ ẹ wá fipá mú mọ́lẹ̀ nínú edit ló ń ní erùpẹ̀ jù.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé screen ẹ̀yìn kámẹ́rà o. Nínú oòrùn á dà bíi pé àwòrán ṣú, nínú òkùnkùn á dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ tan zebra, àwọn ìlà tí kámẹ́rà ń fà sórí ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ẹ fi sí 95, kẹ́ ẹ wo lésì: tí ìlà bá bo gbogbo rẹ̀, ó ti ń bó. Tí ojú àti lésì ò bá ṣeé gbà pọ̀, ẹ jẹ́ kí lésì bó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo fídíò ìgbéyàwó torí lésì, àfi ẹni tó tà á.

Owó drone lẹ mọ̀ ọ́n kọ sínú ìwé owó. ND ńkọ́?