Ẹ Má Gbé Ère Lincoln Kúrò, Ẹ Gbẹ́ Ọ̀rọ̀ Douglass Sídìí Rẹ̀

Àríyànjiyàn lórí ère Abraham Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà tó kéde òmìnira fún àwọn ẹrú, èyí tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Lincoln Park ní Washington kò tíì tán nílẹ̀. Lincoln wà lórí ìdúró, ìwé ìkéde òmìnira wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sórí ọkùnrin dúdú kan tó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò ní ju aṣọ péńpé lọ nídìí. Ní 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa ọkùnrin dúdú kan, George Floyd, àwọn kan fẹ́ wó o lulẹ̀, ìjọba sì sáré fi ọgbà yí i ká. Aṣojú ìlú náà nílé aṣòfin, Eleanor Holmes Norton, ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní tiwa o, kí wọ́n má gbé e.

Owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Nígbà tí Charlotte Scott, obìnrin tó ti ṣẹrú rí ní Virginia, gbọ́ ní 1865 pé wọ́n ti pa Lincoln, dọ́là 5 ló mú sílẹ̀ pé kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ère ìrántí. Owó àkọ́kọ́ tó fi òógùn ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn tó dòmìnira nìyẹn. Àwọn mìíràn tó ti ṣẹrú bíi tirẹ̀ dá tiwọn sí i, títí kan àwọn ọmọ ogun dúdú. Orúkọ Charlotte àti dọ́là 5 rẹ̀ ṣì wà lára àwo tí wọ́n kàn mọ́ ìdí ère náà. Bí ère bá lọ, ibẹ̀ náà lorúkọ yẹn ń lọ.

Àwọn aláwọ̀ funfun inú Western Sanitary Commission, ẹgbẹ́ aláàánú kan nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ni wọ́n kó owó lé lọ́wọ́, àwọn ló sì pinnu bí ère yóò ṣe rí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ohun tí wọ́n sì ṣe gan-an nìyẹn. Lóòótọ́, wọ́n ní kí Thomas Ball tó ṣe ère náà lo ojú Archer Alexander, ọkùnrin tó sá kúrò lóko ẹrú ní Missouri láìdúró de ẹnikẹ́ni, kí ó sì dà bí ẹni tó ń fagbára ara rẹ̀ já ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí ẹ̀ṣẹ́ tó dì. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ni ẹni tó wà lókèèrè ń rí, ó sì ń dunni.

Ó dun Frederick Douglass pẹ̀lú, ọkùnrin dúdú tó ti ṣẹrú rí kó tó di gbajúgbajà ajàfẹ́tọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣíṣọ lójú ère náà, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 1876, ó sọ níwájú Ààrẹ Grant pé àwọn funfun ni ọmọ Lincoln, pé ọmọ àgbàtọ́ làwọn dúdú jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé kí òun tó kú, òun fẹ́ rí ère ènìyàn dúdú tó dìde dúró bí ọkùnrin, kì í ṣe èyí tó wà lórí orúnkún bí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Kò ní kí wọ́n wó eléyìí. Ó ní àyè ṣì wà nínú ọgbà náà fún òmíràn. Lẹ́tà yìí fara sin títí di 2020 kí àwọn onímọ̀ ìtàn tó wá a rí.

Ní 1974 wọ́n gbé ère Mary McLeod Bethune, obìnrin dúdú, olùkọ́ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ńlá, kalẹ̀ nínú ọgbà yẹn kan náà, wọ́n sì yí Lincoln padà kó lè kọjú sí i. Bethune wà lórí ìdúró. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ ó fi ọdún 98 pẹ́.

Ti Boston yàtọ̀. Olówó kan ló fi ẹ̀dà ère náà ta ìlú yẹn lọ́rẹ ní 1879, kì í ṣe àwọn tó ti ṣẹrú ló dáwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní oṣù Kejìlá 2020, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe.

Ní Washington, ọwọ́ National Park Service tó ń bójú tó ọgbà náà ni ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà Douglass sára òkúta, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú ọkùnrin tó kúnlẹ̀ náà, kí ìkọ̀wé ara rẹ̀ tóbi débi tí ọmọ iléèwé yóò fi lè kà á láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Washington àti Maryland pọ̀. Kí àwọn náà kọ̀wé béèrè fún un.