Ìfẹnukò kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì nígbàkúùgbà tí ìjọ mélòó kan bá fẹ́ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀: “Ẹ jẹ́ ká dìbò, ká parí ẹ̀. Bí ẹ bá ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, ìjọ kékeré kan ṣoṣo ló máa so wá mọ́lẹ̀.” Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Geneva. Ìjọ 147 ló dá a sílẹ̀ ní Amsterdam lọ́dún 1948. (Ìjọ Olúwa Aládùúrà, tó ti Ògèrè Rẹ́mọ jáde, wọ ibẹ̀ lọ́dún 1975, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni.) Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi ìbò parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bíi ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: ẹni tó bá pọ̀ jù ló borí.

Àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ìjọ àtijọ́ ti apá Ìlà Oòrùn, ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Wọn ò pọ̀ níye, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ń wọlé sí i. Ẹ fojú inú wò ó: kéèyàn máa lọ sípàdé tó ti mọ̀ látilé pé òun ò ní rọ́wọ́ mú. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Jọ́jíà jáde lọ́dún 1997, ti Bùlùgáríà tẹ̀ lé e lọ́dún 1998. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 ní Harare ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 60 kalẹ̀ láti wá ojútùú sí i, ìdajì Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìdajì àwọn yòókù. Wọ́n jábọ̀ lọ́dún 2002 pé kí wọ́n máa fi ìfẹnukò parí ọ̀rọ̀ dípò ìbò, àpéjọ gbogboogbò àkọ́kọ́ tó lo ìlànà tuntun náà sì wáyé ní Porto Alegre, ní Brazil, ní oṣù Kejì ọdún 2006.

Kí wá ni ìlànà náà pè ní ìfẹnukò? Bí gbogbo ènìyàn bá gbà, ìfẹnukò ni, ìyẹn ò ṣòro. Bí ọ̀pọ̀ bá gbà, tí àwọn tí kò gbà sì lè sọ pé, “Wọ́n gbọ́ tẹnu wa dáadáa, èrò tiwa kọ́ nìyí, àmọ́ a ò ní jiyàn pé èrò ìpàdé ni,” ìfẹnukò ni. Bí wọ́n bá gbà láti kọ èrò tó yàtọ̀ síra sínú ìpinnu gan-an, kì í ṣe inú àkọsílẹ̀ ìpàdé nìkan, òun náà ni. Bí wọ́n bá jọ ní kí ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró ná, òun náà ni. Kódà, bí wọ́n bá jọ gbà pé kò sí ìpinnu tí àwọn lè ṣe lórí rẹ̀, ìfẹnukò nìyẹn pẹ̀lú! Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìgbà tó yá ni mo rántí ìpàdé ẹbí wa.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa wà lára ohun tó ń tàn wá. A gbọ́ “ìfohùnṣọ̀kan”, a sì rò pé ohùn kan ṣoṣo ni.

Ìjọ kan ṣoṣo ò sì lè so ìpàdé mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò gbà lè ní kí wọ́n kọ àtakò òun sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá ṣeé sún síwájú, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aṣojú tó wà níjòókó lè sọ pé kí ọ̀rọ̀ di ìbò. Yíyan aṣojú, fífọwọ́ sí ìṣírò owó àti títún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ìbò náà ni wọ́n ṣì ń dì fún wọn.

Káàdì méjì ló máa ń wà lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìjókòó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tẹ́ lọ́rùn á gbé aláwọ̀ ọsàn sókè, ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á á gbé aláwọ̀ búlúù. Alága á wo káàkiri, á sì pe àwọn tó gbé búlúù kí wọ́n sọ tẹnu wọn.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wàhálà ti lè wọlé, alága yẹn ni kí ẹ máa wò, ẹ fi ìjọ kékeré sílẹ̀. Ìbò ṣeé kà lẹ́ẹ̀kejì. Bí alága tó ń kánjú bá ní òun ò rí káàdì búlúù kankan, kí lẹ fẹ́ kà?