Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ní Kí N Lọ Sinmi

Àǹtí mi kan wà ní agboolé wa ní Ọ̀fà níbí. Tí ọlidé mi bá ti ń parí, àdúrà wọn ò ju ẹyọ kan lọ: "Ọlọ́hun á gbé ọ délé láyọ̀. Tó o bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù, kó o lọ sinmi o." Àmín, Àǹtí. Sinmi níbo?

Níbí ni mo ti ń sinmi! Kí n ṣáà ti ní "ìwọ ọmọ yìí," ọmọ mẹ́ta á ti dáhùn, wọn á tún máa jiyàn ta ni mo pè. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ pe "ìwọ ọmọ yìí" títí ilẹ̀ á fi mọ́, fíríìjì nìkan ló máa dá yín lóhùn.

Fíríìjì yẹn gan-an, mílíìkì inú ẹ̀ á ti di wàrà. Bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni Àǹtí ń fẹ́ kí n gbé wàrà lọ, tí mò ń ṣàlàyé pé òfin Ìlú Ọba ò gbà kéèyàn gbé ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà. Ọmọ ìyá mi, mo ti ń ṣe tèmi lọ́hùn-ún.

Pàǹtí ńkọ́? Ẹ̀yin gbálẹ̀, ẹ dà á sáàtàn, ó parí. Tiwa ní garawa tìwé àti ike, ó ní toúnjẹ tó ṣẹ́kù, ó ní tìyókù, kálukú pẹ̀lú ọjọ́ tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń kó tìyókù ládùúgbò mi. Tí mo bá wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọjá.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, mi ò jiyàn, inú kíṣìnnì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń dáná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi sá aṣọ? Oòrùn Ọ̀fà tó ń gbẹ àǹkárá kéèyàn tó jẹ àmàlà tán ò bá mi wọ bàálù. Orí irin tó ń mú ilé gbóná ni mò ń sá ṣòkòtò sí, ìbàdí ẹ̀ á sì kọ̀, kò ní gbẹ. Agbádá tí mo fi jó níbi ìyàwó àbúrò mi, ojú fèrèsé ni mo fi kọ́. Aládùúgbò mi kí mi kú kọ́tìnì tuntun.

Gbogbo ìyẹn kéré sí duvet, ìbora tìmùtìmù tí wọ́n ń ki bọ inú àpò. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, n kì í sá fún ìjà. Àmọ́ kí n ti igun kan wọlé báyìí, èkejì á ti yọ jáde. Lọ́dún tó kọjá, inú bí mi, mo wọnú àpò náà lọ torítorí kí n lè fi orí tì í dé igun. Ibẹ̀ ni mo wà tí Àǹtí pè mí lórí WhatsApp, ti olójúkojú. Mo nawọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí èèyàn gbọọrọ nínú aṣọ funfun, kò lójú, kò nímú.

"Yéè! Wọ́n ti wé e! Ẹ pe Ààfáà!"

Mo bá dáhùn látinú aṣọ: "Mo wà níbí, Àǹtí."

Gbì ni mo gbọ́ tí fóònù já lulẹ̀. Gbogbo agboolé ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.