Bébà inú páálí sìgá kì í ṣe fúùsì o

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí fúùsì inú púlọ́ọ̀gì bá jó, kéèyàn má wulẹ̀ náwó sórí òmíràn: kó wé bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ èyí tó jó, kó dá a padà, iná á wá. Lóòótọ́, iná á wá. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ìmọ̀ràn náà kò tọ̀nà, ó sì léwu.

Iṣẹ́ fúùsì ni kó jó. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń yọ́ bí iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá bá ti pọ̀ jù, kí wáyà ẹ̀rọ má baà gbóná débi tí yóò gbiná. Bébà yẹn kò ní tètè já. Wáyà ni yóò máa gbóná, nígbà mìíràn lẹ́yìn àga tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ẹ wo ara fúùsì, ẹ ó rí 3A tàbí 13A, ìyẹn ìwọ̀n iná (ní áńpíà) tí fúùsì náà lè gbà. Ẹ̀rọ tí kò ju nǹkan bí wáàtì 700 lọ, bíi fáànù, 3A ló bá a mu. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́túlù ń fẹ́ 13A. Iye wáàtì wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kẹ́ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kẹ́ẹ tó tú u o! Bí fúùsì tuntun bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tàbí wáyà rẹ̀ ló níṣòro, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín fẹ́ bá yín dín ìnáwó kù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.